Oṣù Méjì, Oṣù Mẹ́ta, Oṣù Méjìlá: Ìtàn Gbèdéke Àkókò nínú Òfin Ààbò Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá, 1916 sí 2021

Ìfáàrà

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún náà lé ní 800,000. Ohun tí a sábà máa ń rántí nípa ètò yìí ni ìmọ̀ tí ó tàn kálẹ̀ àti ipa rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé àti òṣèlú. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ìgbà tí àwọn òbí Yorùbá fi ọmọ ṣọ́ àjèjì ní iye tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kí ilé-ẹ̀kọ́ ìgbàlódé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìbátan, ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ojúlùmọ̀ tí agbo ilé mọ ìdílé rẹ̀ ni òbí ń fi ọmọ sọ́dọ̀. Ti olùkọ́ yàtọ̀. Ìjọba tàbí ìjọ ni ó yàn án. Ó lè ti ìlú mìíràn wá. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ ni ó sì ń jíhìn sí.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀, tàbí òṣìṣẹ́ mìíràn nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, bá wá bá ọmọ tí a fi ṣọ́ ọ lòpọ̀, tàbí tí ó fọwọ́ kàn án lọ́nà àìtọ́, kí ni òfin fi lé ẹbí lọ́wọ́? Iṣẹ́ yìí tọpa ìdáhùn sí ìbéèrè náà láti 1916 títí di 2021, pẹ̀lú àfiyèsí pàtàkì sí ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé bí ìyà ṣe pọ̀ tó kọ́ ni kókó ìtàn náà, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìyà ti le lórí ìwé. Ohun tí ó ń ti ẹbí sẹ́yìn ni àkókò: oṣù mélòó ni òfin fún ọmọdé láti sọ̀rọ̀, ta ni ó sì ń ka oṣù náà?

Òfin 1916 àti gbèdéke oṣù méjì

Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1916 kò ti inú àṣà ilẹ̀ yìí jáde. Queensland ní Ọsirélíà ni a ti mú àwòkọ́ṣe rẹ̀ wá, níbi tí òfin tí Samuel Griffith kọ ti di òfin ilẹ̀ ní 1899. Àríwá Nàìjíríà ni a ti kọ́kọ́ lò ó, ní 1904. Nígbà tí Àríwá gba òfin mìíràn ní 1960, ti 1916 yìí ni ó ṣẹ́ kù fún Gúúsù, ẹ̀dà rẹ̀ sì di òfin àwọn ìpínlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà.

Abala 218 òfin náà sọ pé ẹni tí ó bá bá ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 lòpọ̀ lè gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n gbére. Abala 221 dá ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí ó ti pé ọdún 13 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 16 yà sọ́tọ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún méjì péré ni ìyà tirẹ̀, olùjẹ́jọ́ sì lè wí àwíjàre pé òun ní ìdí láti gbà pé ọmọ náà ti pé ọdún 16. Ní ti ọmọkùnrin, òfin náà kò ka ohunkóhun tí a bá ṣe sí i sí ìfipábánilòpọ̀. Abala 216 nìkan ni ó sọ̀rọ̀ lórí fífọwọ́ kan ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 14 lọ́nà àìtọ́, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí i.

Ẹ̀wọ̀n gbére kì í ṣe ìyà kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ abala 218 àti 221 fi ìlànà méjì kún wọn. Èkíní ni pé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù méjì tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Èkejì ni pé a kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí kò ní ẹ̀rí àtìlẹ́yìn. Bí oṣù méjì bá ti kọjá, ilẹ̀kùn abala náà ti tì, bí ó ti wù kí ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ pọ̀ tó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀. Òfin wọn ti 1885 fi oṣù mẹ́ta sí ẹjọ́ ọmọbìnrin tí ó wà láàárín ọdún 13 sí 16, nítorí àwọn aṣòfin ń bẹ̀rù ẹ̀sùn èké. Lójú wọn, ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó fẹjọ́ sùn ti di ẹni ìfura. Àwọn fúnra wọn kò dúró lójú kan. Wọ́n sún gbèdéke náà síwájú lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi di oṣù mẹ́sàn-án ní 1922 àti oṣù méjìlá ní 1928, kí òfin 2003 tó gbé e kúrò pátápátá. Ní gbogbo àkókò yìí, oṣù méjì ti Nàìjíríà wà níbi tí a gbé e sí. Ilẹ̀ tí ó kó ìbẹ̀rù náà wá ti jọ̀wọ́ rẹ̀ tán, a ṣì ń ṣọ́ ọ nílé wa.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni a lè rí bí a bá fi gbèdéke náà wé kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́. Sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń tó oṣù mẹ́ta. Ọmọ tí ó ń gbé ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ṣe ní ìbàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé, lè má fojú kan ìyá rẹ̀ títí sáà yóò fi parí. Ní ọjọ́ tí ó délé tí ó sì la ẹnu, oṣù méjì ti pé. Láàárín oṣù méjì náà, abẹ́ àṣẹ ẹni tí ó ṣe é ní ibi ni ó wà. Òfin náà kò ronú kan ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí a kọ ọ́, ilé-ẹ̀kọ́ sì ni ibi tí gbèdéke náà ti le jùlọ.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan ṣì wà. Ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀, tí abala 357 àti 358 sọ̀rọ̀ lé lórí, kò ní gbèdéke oṣù méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọmọ náà kò fẹ́, tàbí pé ìdẹ́rùbà tàbí ẹ̀tàn ni a fi mú un fẹ́. Ọmọ tí a ti kọ́ láti máa dìde kí olùkọ́, tí a sì ti kìlọ̀ fún pé kí ó má jiyàn pẹ̀lú àgbà, ni a wá ń bi pé ǹjẹ́ ó kọ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé

Ìlànà kejì, ti ẹ̀rí àtìlẹ́yìn, pẹ́ jù ti oṣù méjì lọ. Títí di òní, abala 209 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọ́dọ̀ búra nílé-ẹjọ́. Ó lè sọ̀rọ̀ bí adájọ́ bá rí i pé ó ní òye tó, ṣùgbọ́n a kò lè fi ọ̀rọ̀ náà nìkan dá olùjẹ́jọ́ lẹ́bi. Nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ ti í lẹ́yìn.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí kò sọ pé ọgbọ́n ọmọdé gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́ kí a tó kà á sí. Ṣùgbọ́n nínú ìwà tí ó máa ń wáyé ní kọ̀rọ̀, láàárín àgbà kan àti ọmọ kan, ibo ni ẹlẹ́rìí kejì yóò ti wá? Ìdáhùn tí àwọn ilé-ẹjọ́ ń gbà ni àbájáde àyẹ̀wò dókítà, ìròyìn ẹni tí ọmọ náà kọ́kọ́ sọ fún, àti àyípadà tí a rí nínú ìwà rẹ̀. Nítorí náà ni àkókò fi tún padà wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rí ara kì í pẹ́ kí ó tó parẹ́. Oògùn tí ó ń dènà àrùn HIV pẹ̀lú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Aṣòfin lè sún gbèdéke ilé-ẹjọ́ síwájú, ṣùgbọ́n kò sí ilé aṣòfin tí ó lè sún èyí.

Àyípadà láti 2003

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 1989, Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà á ní 1991. Ọdún méjìlá ni ó tún gbà kí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tó jáde ní 2003. Abala 31 òfin yìí yí ọ̀rọ̀ náà padà láti ìpìlẹ̀. Ọmọ ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹni tí ó bá bá ọmọ lòpọ̀ lè gba ẹ̀wọ̀n gbére, kò sì lè wí àwíjàre pé ọmọ náà gbà, tàbí pé òun rò pé ó ti dàgbà. Abala 32 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí irú ìlòkulò mìíràn.

Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ọmọdé ti jẹ́ ti ìpínlẹ̀ lábẹ́ Òfin Ìpìlẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Èkó ṣe èyí ní 2007, gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn náà sì ṣe é. Ní 2011, Èkó gbé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tuntun jáde láti rọ́pò èyí tí a jogún lọ́wọ́ amúnisìn. Abala 137 rẹ̀ kúrú: ẹni tí ó bá bá ọmọ lòpọ̀ lè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Kò sí oṣù méjì nínú rẹ̀, abala náà fúnra rẹ̀ kò sì béèrè ẹ̀rí àtìlẹ́yìn. Ní oṣù Karùn-ún 2015, òfin àpapọ̀ kan tí ó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀ jáde, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VAPP. Ó mú kí ìfipábánilòpọ̀ kan ọkùnrin àti obìnrin bákan náà, ó sì fún ilé-ẹjọ́ ní àṣẹ láti pàṣẹ owó gbà-má-bínú fún ẹni tí a ṣe ní ibi. Abúja nìkan ni òfin yìí dé ní tààrà. Ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀.

Òfin nìkan kò tó láìsí ibi tí ẹbí yóò gbà lọ. Ní oṣù Keje 2013, Mirabel Centre ṣí ní ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí ẹni tí a fipá bá lòpọ̀ ti lè rí àyẹ̀wò, ìtọ́jú àti ìmọ̀ràn gbà pọ̀ ní ojú kan. Ní 2014, Èkó dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa dáhùn sí ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀. Ní 2021, òfin sọ ọ́ di àjọ tí ó dúró fúnra rẹ̀. Ní 2018, ìpínlẹ̀ náà ya àwọn ilé-ẹjọ́ kan sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀sùn wọ̀nyí.

Bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe so pọ̀ hàn ní oṣù Kẹwàá 2019, nígbà tí Adájọ́ Sybil Nwaka ní Ìkẹjà rán alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Èkó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 60. Ọmọ tí ẹjọ́ náà dá lé lórí kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ ní 2016. Ìdájọ́ náà fi hàn pé ọmọ tí kò tíì lè ka ABD tán lè di ẹni tí ilé-ẹjọ́ fetí sí, bí ètò bá wà láti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Gbèdéke 1916 náà kò kú lọ́jọ́ kan. Ní oṣù Keje 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gba àbá kan wọlé, èyí tí Sẹ́nétọ̀ Olúrẹ̀mí Tinubu gbé wá, láti yọ gbèdéke oṣù méjì kúrò nínú òfin àpapọ̀. Ọdún 104 lẹ́yìn tí a kọ ọ́ ni èyí ṣẹlẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí olùjẹ́jọ́

Ẹjọ́ ọ̀daràn kì í ṣe ti ẹbí. Ìjọba ni ó ni ín. Ẹbí jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú rẹ̀. Ó lè rán ẹni tí ó hu ìwà náà lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n kì í sábà bi ilé-ẹ̀kọ́ léèrè pé: ta ni ó gbà á síṣẹ́, ta ni ó gbọ́ àhesọ tí ó dákẹ́, èé ṣe tí ọmọ kan fi dá wà pẹ̀lú rẹ̀? Ẹjọ́ owó gbà-má-bínú ni ó lè béèrè ìyẹn. Òbí lè pè é lórúkọ ọmọ, ìwọ̀n ẹ̀rí tí ilé-ẹjọ́ ń béèrè nínú rẹ̀ kò sì ga tó ti ẹjọ́ ọ̀daràn.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ó dá irú ẹjọ́ yìí dúró ni èrò pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba olùkọ́ láti ba ọmọ jẹ́, nítorí náà ìwà náà kì í ṣe ara iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2001, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, tí í ṣe ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kọ èrò yìí nínú ẹjọ́ Lister àti Hesley Hall. Alábòójútó ilé tí àwọn ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gbé ni ó ṣe wọ́n ní ìbàjẹ́. Àwọn adájọ́ sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ti gbà láti tọ́jú àwọn ọmọ náà, ó sì ti fi ìtọ́jú yẹn lé alábòójútó náà lọ́wọ́; ìwà rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ tí a fún un pẹ́kípẹ́kí débi pé ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn fún un. Ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de adájọ́ Nàìjíríà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò lè fi í ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá: ẹni tí a fi ọmọ ṣọ́, tí ó tún fi ọmọ náà ṣọ́ ẹlòmíràn, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè olọ́mọ.

Níbi yìí náà, àkókò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òfin gbèdéke ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ iye ọdún tí a lè fi pẹjọ́, wọ́n sì sábà máa ń dá kíkà dúró títí ọmọ yóò fi dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ti ìjọba, òfin mìíràn tí a jogún lọ́wọ́ amúnisìn, èyí tí ó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, sọ pé a gbọ́dọ̀ pẹjọ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn ilé-ẹjọ́ ti sọ pé kò dáàbò bo ẹni tí ó ṣe ohun tí ó jìnnà sí iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ba ọmọ jẹ́ kò lè sá sábẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí a pè lẹ́jọ́ nítorí àìbìkítà ni ó lè gbé e dìde, ẹbí tí ó sì lo oṣù mẹ́ta fún ìpàdé lè dé ilé-ẹjọ́ kí wọ́n bá ọ̀rọ̀ yìí níwájú wọn.

Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìwé-àṣẹ olùkọ́

Abala 34 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí iyì ara rẹ̀, ó sì ka ìwà ìkà àti ìwà tí ó ń tẹ́ni lógo léèwọ̀. Lábẹ́ ìlànà 1979, ẹni tí ó bá fẹ́ gba irú ẹ̀tọ́ yìí gbọ́dọ̀ wá láàárín oṣù méjìlá. Ìlànà tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2009 pa gbèdéke náà rẹ́ pátápátá, ó sì gba ẹlòmíràn tàbí ẹgbẹ́ láyè láti pẹjọ́ nítorí ẹni tí kò lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ó kù sí ọwọ́ agbẹjọ́rò láti rí i pé ẹ̀tọ́ yìí gan-an ni olórí ohun tí ẹjọ́ náà dá lé, nítorí ilé-ẹjọ́ kì í gba kí a fi í bo ẹjọ́ mìíràn. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a ti mẹ́nu bà, òun ni ọ̀kan tí a ti kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ ní kedere pé kò sí gbèdéke.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò gba inú ilé-ẹjọ́ kọjá. Òfin 1993 dá Ìgbìmọ̀ Ìforúkọsílẹ̀ Àwọn Olùkọ́ sílẹ̀, ó sì fún un ní àṣẹ láti wádìí olùkọ́ kí ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Kò lè fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Ohun tí ó lè ṣe ni láti dènà àṣà burúkú kan: kí a rọra dá olùkọ́ dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, kí ó sì tún gba iṣẹ́ ní òmíràn.

Ìyanjú nílé

Òwe Yorùbá kan ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó wà nínú rẹ̀ fi hàn pé ìgbà àwọn amúnisìn ni òwe náà ti wá. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe rí ilé-ẹjọ́ tuntun náà, ibi tí a ń gbà já okùn ìbátan. Ìbẹ̀rù yìí ṣì wà lára ẹbí tí ọ̀ràn bá. Orúkọ ọmọ ń bẹ níbẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ń bẹ níbẹ̀. Àwọn àgbà, olùṣọ́-àgùntàn tàbí ìmáàmù lè wá bẹ̀bẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ lè fi owó ilé-ìwé tàbí owó ìtọ́jú lọ̀ wọ́n.

Òfin pààlà sí ibí yìí, ààlà náà sì yẹ ní mímọ̀. Gbígba owó gbà-má-bínú nínú ẹjọ́ tí ẹbí fúnra wọn pè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba owó láti bo ọ̀ràn ńlá mọ́lẹ̀, láti fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn tàbí láti fi ẹ̀rí pamọ́, òun fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀ sí abala 127 Òfin Ìwà Ọ̀daràn 1916, ẹ̀wọ̀n ọdún méje sì ni ìyà rẹ̀ bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ èyí tí a lè fi ẹ̀wọ̀n gbére jẹ. Ìwé tí òbí kọ pé òun ti dárí jì kò pa ẹjọ́ ìjọba. Abala 211 Òfin Ìpìlẹ̀ fi àṣẹ láti dá ẹjọ́ ìpínlẹ̀ dúró lé Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìdájọ́ lọ́wọ́, kò fi í lé bàbá tàbí ìyá lọ́wọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá to àwọn gbèdéke yìí sójú kan, ìtàn náà yóò hàn kedere: oṣù méjì fún ẹjọ́ ọ̀daràn ní 1916, oṣù mẹ́ta fún òṣìṣẹ́ ìjọba, oṣù méjìlá fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní 1979. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáàbò bo àgbà kúrò lọ́wọ́ ọmọ tí ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Láti 2003, ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ ti ń tú okùn yìí díẹ̀díẹ̀. Àwọn Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìlànà 2009 àti abala 137 ti Èkó ti sún mọ́ òwe yìí ju òfin 1916 lọ.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù wà ní ibi méjì. Oṣù mẹ́ta tí ó ń bo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ṣì wà nínú ìwé òfin, ó sì ń dúró de aṣòfin. Èkejì wà nínú agbo ilé: ọ̀sẹ̀ tí a fi ń ṣe ìpàdé, nígbà tí ẹ̀rí ara ọmọ ń parẹ́, tí wákàtí 72 sì ti kọjá. Ẹbí tí ó bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí kò tíì pinnu pé òun yóò dé ilé-ẹjọ́. Ó kàn pa ọ̀nà náà mọ́ kí ó má bàa dí. Èyí tí ó bá dúró di ẹ̀yìn ìpàdé ti pinnu, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.